ÒDÒDÓ PUPA RÚSÚRÚSÚ ETÍ AKÙRỌ̀ WA: BÍ A Ó TI DÁ A MỌ̀ ÀTI BÍ A Ó TI PA Á MỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa sọ)

  

Nígbà tí ìwé ẹgbẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́ pé kí a wá sọ ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ ní àpéjọ yìí, a mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa retí ni ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, iná mànàmáná, ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ ní sísọ, àwọn tí ó mọ̀ nípa wọn jù wá lọ sì ti sọ ọ́. Koríko kan ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tí ì rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó mú wa yan koríko yìí ni pé ibi tí ó ń gbé náà ni omi wa ti ń wá. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kànga, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí à ń tà fún ara wa ni òun ń sọ.

KORÍKO WO NI À Ń WÍ?

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá ní ìgbà òjò ni ó ti rí i, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun rí i. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti gba orí odò tàbí ẹ̀gbẹ́ akùrọ̀ kọjá, láàárín eèsún àti àwọn koríko gíga mìíràn, òdòdó kan a máa yọ ojú níbẹ̀ tí ó pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin. Àwọn baba wa kò ya irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára pupa, nítorí pé dúdú, funfun àti pupa ni wọ́n pín gbogbo àwọ̀ sí. Lóde òní, àwọn mìíràn ń pè é ní àwọ̀ ìyeyè, nítorí èso ìyeyè tí ó bá ti pọ́n. Èyíkéyìí tí a bá pè é nínú méjèèjì, ohun kan náà ni à ń wí.

Koríko náà a máa dúró ṣánṣán. Ó lè ga dé àyà ènìyàn, ó sì lè ga ju ènìyàn lọ bí ẹrẹ̀ ibẹ̀ bá lọ́ràá. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ṣóṣóró. Òdòdó kọ̀ọ̀kan a máa yọ ní abẹ́ apá ewé, ewé òdòdó mẹ́rin ni ó sì ní. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, wọn a máa já bọ́ wẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án, òdòdó tí ó là ní òwúrọ̀ kì í rí ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni èso yóò wá gùn jáde, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, pẹ̀lú ìlà ní gbogbo ara rẹ̀ àti ewé kékeré mẹ́rin ní orí rẹ̀ bí adé. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ kànáfùrù tí a fi ń se oúnjẹ yóò sọ pé àbúrò kànáfùrù ni. Bí èso náà bá gbẹ tí ó sì là, àwọn hóró tí ó wà nínú rẹ̀ kéré bí eruku, wọ́n sì pọ̀ tí ènìyàn kò lè kà wọ́n tán. Omi àti ẹsẹ̀ màlúù ni ó ń gbé wọn ká.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko gbogbo ayé ń pè é ni Ludwigia octovalvis. Linnaeus, ará Sweden, ni ó fi orúkọ Ludwig, onímọ̀ ewéko kan ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, sọ ìdílé náà ní ọdún 1753. Ìtumọ̀ orúkọ kejì ni onílẹ̀kùn mẹ́jọ, nítorí ọ̀nà tí èso rẹ̀ gbà là. Bí ẹ bá ṣí ìwé tí ó ti pẹ́, Jussiaea ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ti fi hàn pé ìdílé kan náà ni méjèèjì. Nítorí náà kí ọmọ ilé-ìwé tí ó bá rí orúkọ méjì má ṣe rò pé koríko méjì ni.

BÍ A Ó TI DÁ A MỌ̀ LÁÀÁRÍN ÀWỌN TÍ Ó JỌ Ọ́

Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kìlọ̀ pé gbogbo ohun tí ó bá pupa rúsúrúsú ní etí omi kọ́ ni koríko yìí. Àwọn ìbéèrè kan wà tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa bi ara wọn.

Èkíní: Ewé òdòdó mélòó ni ó ní? Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé yìí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, tí ewé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ omi, Ottelia ni, ìdílé mìíràn pátápátá.

Èkejì: Fọ́nrán tín-ín-rín mélòó ni ó wà láàárín òdòdó, àwọn tí ó ru ìyẹ̀fun lérí? Octovalvis ní mẹ́jọ. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà tí a ń pè ní Ludwigia abyssinica, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Òdòdó tirẹ̀ kéré púpọ̀, wọ́n sì ṣù mọ́ ara wọn ní abẹ́ apá ewé. Fọ́nrán mẹ́rin péré ni ó ní.

Ẹ̀kẹta: Báwo ni ara igi rẹ̀ ti rí? Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹ sì kan nǹkan pẹlẹbẹ bí ìyẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, Ludwigia decurrens ni. Àlejò ni èyí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Òdòdó rẹ̀ ní ewé mẹ́rin àti fọ́nrán mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ti octovalvis, nítorí náà ẹni tí kò bá wo ara igi yóò ṣì í mú.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ó dúró ni, àbí ó ń rákò lórí omi? Ludwigia stolonifera a máa rákò. Ewé òdòdó márùn-ún ni ó ní, pẹ̀lú fọ́nrán mẹ́wàá. Lára ọ̀pá rẹ̀ ni àwọn gbòǹgbò funfun kan wà tí ó rọ̀ fúlẹ́fúlẹ́ bí kànrìnkàn. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú wọn, àwọn ni ó sì ń mú kí ó léfòó. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ń léfòó bá pa ewé rẹ̀ dé nígbà tí ẹ fi ọwọ́ kàn án, bí patanmọ́ ti í ṣe, Neptunia ni, ọmọ ìdílé ẹ̀wà ni òun.

Ẹ̀karùn-ún: Ṣé ó ní gbòǹgbò? Utricularia, tí òdòdó rẹ̀ máa ń yọ orí jáde lójú omi bí abẹ́rẹ́ tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré sí lórí, kò ní gbòǹgbò rárá. Àpò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ní nínú omi, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó sì ń tì, òun ni ó fi ń dẹ kòkòrò inú omi mú jẹ. Koríko tí ń pa ẹran jẹ ni. Nígbà tí a bá sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú omi ilẹ̀ Nàìjíríà, wọn a kọ́kọ́ rò pé àlọ́ ni à ń pa.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí èyí tí ó gba owó nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ojú, ọwọ́ àti sùúrù ni wọ́n gbà.

Ọ̀RỌ̀ ORÚKỌ

A ti bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí Yorùbá ń pe koríko yìí. Ẹni tí ó bá wẹ omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́bàá odò kì í ṣi òṣíbàtà pè, kì í sì í ṣi ojú oró pè. Àwọn méjèèjì jẹ́ ewé àdúrà, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá nawọ́ sí olódòdó rúsúrúsú yìí, àgbà kan a pe orúkọ kan, èkejì a pe òmíràn, ẹ̀kẹta a sì sọ pé koríko odò ṣáá ni.

Kì í ṣe ohun kékeré ni èyí. Ní ilẹ̀ wa, orúkọ ni a fi ń pe ewé kí ó tó jẹ́ ìpè. Pierre Verger, ará Faransé tí ó bá àwọn babaláwo gbé pẹ́, tí ó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé jáde ní ọdún 1995, fi hàn kedere pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí i kì í yà. Z. O. Gbile ti ṣe iṣẹ́ takuntakun ṣáájú rẹ̀: ìwé rẹ̀ lórí orúkọ àwọn ewéko ní èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1984 láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ó wà ní Ìbàdàn. Ìwé dára, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni a ti kó ohun tí ó wà nínú wọn. Ohun tí a kò bá tí ì bi àgbà léèrè kí ó tó lọ, kò sí ìwé tí a ó ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ etí odò bí ẹni mọ iyàrá ni ó ti ń rékọjá.

IṢẸ́ TÍ AKÙRỌ̀ Ń ṢE FÚN WA

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí òdòdó kí a wo ilé rẹ̀. Akùrọ̀ àti àbàtà ni ìkòkò omi tí Ọlọ́run gbé ka ilẹ̀ fún ìlú. Nígbà òjò, omi a sáré wá láti orí òkè, láti orí òrùlé àti ojú títì. Bí ó bá dé àbàtà, koríko a dí i lọ́nà, a sì rọra máa lọ. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ó gbé wá a rọlẹ̀ sí ìdí koríko, apá kan omi náà a sì máa wọ inú ilẹ̀ lọ. Èyí tí ó wọ ilẹ̀ lọ yìí ni àwọn kànga wa ń bá pàdé ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ gbogbo ibi yòókù.

Odò Ọbà, tí ó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, tí ìtàn sì sọ pé àwọn méjèèjì jẹ́ aya Ṣàngó, ni a dá dúró nítòsí ìlú wa kí Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé wa lọ, adágún omi Erelú ni a ṣe fún irú iṣẹ́ kan náà. Adágún omi kì í ti òfo wá. Àwọn odò kéékèèké tí ń wọ inú rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Bí a bá tú koríko etí àwọn odò wọ̀nyí, tí a sì gbẹ́ ilẹ̀ wọn, ẹrẹ̀ ni yóò máa bá omi wọlé lọ́dọọdún, ìkòkò náà yóò sì máa kún fún iyẹ̀pẹ̀ títí àyè omi yóò fi tán. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń dáko akùrọ̀. Nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ, ọwọ́ wọn ni tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ti ń wá sí ọjà. Inú koríko etí omi ni ọmọ ẹja ti ń sá pamọ́ fún ẹja ńlá. Oyin àti labalábá ń jẹ lára àwọn òdòdó rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní igbó lásán, ilé àti oko àwọn ẹlòmíràn ni.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A TI GBỌ́

Nígbà tí a bá sọ báyìí, àwọn ènìyàn a máa dáhùn, ìdáhùn wọn sì yẹ ní gbígbọ́.

Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì sọ pé ọ̀tá ni koríko yìí jẹ́ fún àwọn. Òótọ́ ni. Octovalvis, abyssinica àti decurrens wà lára àwọn koríko tí ń dààmú oko ìrẹsì ilẹ̀ àbàtà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A kò sọ pé kí àgbẹ̀ má ṣe ro oko rẹ̀. Oko ni oko, etí odò ni etí odò. Ohun tí a ń bẹ̀ ni pé kí oògùn apakoríko tí a fọ́n sí oko má ṣe dé etí omi, nítorí pé ohun tí ó pa koríko níbẹ̀ yóò bá omi lọ sí ibi tí ẹlòmíràn ti ń pọn.

Àwọn mìíràn sọ pé àbàtà ni ó ń bí ẹ̀fọn, pé kí a dí i kí ibà lè dín kù. Èyí pẹ̀lú ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọn tí ó burú jù nínú àwọn tí ń gbé ibà ká ní ilẹ̀ wa, omi kékeré tí oòrùn ń pa, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní koríko, ni ó fẹ́ràn láti yé sí: kòtò ojú ọ̀nà, ojú ẹsẹ̀ màlúù, ihò tí àwọn tí ń gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ fi sílẹ̀. Nínú omi tí ó ní koríko, ẹja wà níbẹ̀, àwọn ọmọ lámilámi náà sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbógun ti ẹ̀fọn, kí ó kọ́kọ́ dí kòtò iwájú ilé rẹ̀.

Àwọn ẹ̀kẹta bi wá pé, ṣé koríko yìí fẹ́ parun ni? A kò ní purọ́ fún ìlú. Kò fẹ́ parun ní ayé. Octovalvis wà ní Áfíríkà, ní Éṣíà àti ní Amẹ́ríkà, ibikíbi tí ooru àti omi bá wà. Ohun tí ń parun ni àyè rẹ̀ láàárín wa. Bí koríko kan bá pọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì rí i ní etí odò baba rẹ̀ mọ́, odò náà ni ó ti kú, koríko náà kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Jos àti ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà, ilé kíkọ́ ní ìlú ẹni jẹ́ iyì. Ó ṣì jẹ́ iyì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ilẹ̀ òkè ti wọ́n, etí odò ni a ń pín sí ojúlé tà. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ bí ibẹ̀ ti rí. Àwòrán ilẹ̀ ni a fi ránṣẹ́ sí i, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni a sì ti yà á. Ó fi owó ọdún púpọ̀ ránṣẹ́. A kó ọkọ̀ iyẹ̀pẹ̀ dà sí àbàtà, ilé gòkè. Nígbà tí òjò ńlá bá dé, omi a wá wá ilé rẹ̀ àtijọ́, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ilẹ̀.

Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé sí Ìbàdàn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá a lọ. Òjò ni ó rọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ọ̀nà omi àti pàǹtí tí a dà sínú odò ni ó sọ òjò di ikú. Ẹni tí ó bá bi wá pé koríko ni ó ṣe pàtàkì ni tàbí ènìyàn, ìdáhùn wa nìyẹn.

KÍ A ṢỌ́RA FÚN ÀLEJÒ

Pípa ohun ìní wa mọ́ kò túmọ̀ sí pé kí a gba gbogbo òdòdó tí ó bá dára ní ojú. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí koríko omi kan báyìí ní odò ìhà Badagry, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, òdòdó rẹ̀ sì dára púpọ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Kò pẹ́ tí ó fi bo ojú ọ̀sà, tí ọkọ̀ ojú omi kò rí ọ̀nà gbà, tí àwọ̀n apẹja kò rí ibi balẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i mọ̀ ọ́n ni, kékeré ni ìbá ti fà á tu.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn ìbátan koríko wa yìí, Ludwigia grandiflora àti Ludwigia peploides, tí ó ti Amẹ́ríkà dé Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí òdòdó inú ọgbà, ti di wàhálà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de títà wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù sì fi méjèèjì sínú ìwé àwọn àlejò eléwu ní ọdún 2016. Òdòdó kan náà ní ojú, àwọ̀ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ onílé, èkejì jẹ́ adàlúrú. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti kà, kí a sì fi ọwọ́ pa igi rẹ̀, kí a tó sọ pé kí a tọ́jú tàbí kí a fà tu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé hóró tàbí ẹ̀ka ewéko omi láti ibẹ̀ wá sí ilé, ẹ má sì gbé ti ilé lọ síbẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ń dáàbò bò ní ọdún 1965, ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Bí ó ti wù kí ìgbàgbọ́ olúkúlùkù wa rí, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ pé etí odò náà ṣì tutù. Ní Ọ̀yọ́ gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Àdéhùn gbogbo ayé kan sì wà lórí àwọn àbàtà, tí a fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Iran ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1971. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2000, àbàtà mọ́kànlá ni ó sì ti fi orúkọ wọn sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn akùrọ̀ kéékèèké ti ìlú wa, ọwọ́ àwa tí a ni wọ́n ni ààbò wọn wà.

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ márùn-ún ni a mú wá.

Ẹ̀yin baálé àti mọ́gàjì tí ilẹ̀ etí odò wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò láìtà. Ilẹ̀ tí a kò tà kò sọnù, ó ń pọn omi fún ẹni tí ó wà lórí èyí tí a tà.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní òkèèrè, kí ẹ tó san owó ilẹ̀, ẹ rán ẹnìkan lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá wà lójú ọ̀run. Bí ó bá bá koríko olódòdó rúsúrúsú yìí níbẹ̀, kí ó sọ fún yín. Ẹlẹ́rìí tí a kò lè fún ní owó ẹ̀yìn ni.

Ẹ̀yin oníṣègùn àti ẹ̀yin tí ń já ewé tà, ẹ já ewé, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹ má ṣe já gbogbo rẹ̀ tán ní ojú kan.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí oògùn apakoríko jìnnà sí omi.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, tiwa ni ó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ewéko odò àdúgbò rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ ní òwúrọ̀, kí òdòdó tó rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka kan tí ó ní ewé, òdòdó àti èso pọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ fi pákó méjì há a, kí ẹ sì gbé òkúta lé e. Ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, kí ó má bàa hu. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí a já a, ibi tí a ti já a, bí ó ti ga tó, àwọ̀ òdòdó rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ a máa ṣá, iye ewé òdòdó àti fọ́nrán, orúkọ tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè é, àti ìlò rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kí a kọ ọ́. Bí àgbà mẹ́ta bá pe orúkọ mẹ́ta, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ọwọ́ yín kò bá ká, ẹ gbé e lọ sí Yunifásítì LAUTECH tí ó wà láàárín ìlú wa láti ọdún 1990, tàbí sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọn yóò fi tiyín wé ti wọn.

A sì ń fi ìdámọ̀ràn kan sí iwájú ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún fẹ́ dá owó iṣẹ́ ìlú, kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún odò kan ṣoṣo, èyí tí ìgbìmọ̀ bá yàn. Kí a kó pàǹtí inú rẹ̀ kúrò, kí a ri òkúta ààlà sí etí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Kábíyèsí àti àwọn onílẹ̀, kí a sì fi í lé ilé-ìwé tí ó bá sún mọ́ ọn lọ́wọ́ láti máa kọ ohun tí ó bá hù níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ìròyìn rẹ̀ máa jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ yìí, kí ará ilé àti ará òkèèrè lè máa kà á. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

 Bí ẹnikẹ́ni láàárín yín bá mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pe koríko yìí, kí ó jọ̀wọ́ wá sọ fún wa kí ó tó lọ sí ilé. Ìwé àti kálámù wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pàdé ní ọdún tí ń bọ̀.